Májèlé Tó Mọ Àgbà

"Omi gbígbóná lẹ gbé fún mi!"

Bí Cecilia ṣe pariwo nínú sẹ́ẹ̀lì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn nìyẹn, ló bá sọ ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí mo fún un mọ́lẹ̀. Omi fọ́n sí bàtà mi. Inú fíríìjì ọ̀gá wa ni mo ti mú omi náà jáde, ó sì tutù débi pé ìka mi ṣì ń dùn mí.

"Wò ó, ìwọ obìnrin yìí," mo ní, "bó o bá fẹ́ ya wèrè kí ẹjọ́ má bàa dé kóòtù, ọgbọ́n àtijọ́ nìyẹn o."

"Sájẹ́ǹtì, ẹ jọ̀ọ́. Ó ń jó mi lẹ́nu ni. Ẹ fọwọ́ kàn án."

Èmi ò fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀, tó ṣa ọ̀rá náà nílẹ̀, tó sì gbé e mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ ni Inspẹ́kítọ̀ Sìdíkátù Adéríbigbé.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Inspẹ́kítọ̀ yìí, obìnrin kúkúrú tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí kì í gbé ohùn sókè bó ti wù kí ọ̀rọ̀ gbóná tó. Aṣọ ilé ló máa ń wọ̀ ṣiṣẹ́, tòun ti ìborùn, débi pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ó wá kí èèyàn ni. Ìyá Elétí la máa ń pè é lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé bí gbogbo wa bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, òun á tún gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ti bá oríṣiríṣi ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Èkìtì wọṣẹ́ ọlọ́pàá. Mi ò tíì rí irú rẹ̀.

"Omi yìí tutù, Cecilia," ó ní.

"Mo mọ̀, mà. Ojú mi rí i pé yìnyín wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe kan ètè mi, iná ni."

Mọ́dáàmù, bí a ṣe ń pe Inspẹ́kítọ̀ níwájú rẹ̀, wò ó títí. Kò sọ pé irọ́ ni. Ó kàn yíjú sí mi, ó ní, "Festus, gbé àga wá fún un. Olóyún kì í jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀."

Oṣù kẹta ọdún 2012 ni, ooru mú ní Ìkòtún débi pé àwọn adìyẹ ń yanu lábẹ́ mọ́tò. Ohun tó gbé Cecilia dé sẹ́ẹ̀lì wa kò ṣòro láti sọ. Ìyàwó ilé ni ní agbo ilé Bàbá Sàlàkọ́, àgbà káfíńtà kan tí gbogbo àdúgbò ń bọ̀wọ̀ fún. Mùsùlùmí ni wọ́n nílé ọkọ rẹ̀, òun sì jẹ́ Krìstẹ́nì, ọmọ Oǹdó. Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tó ti ń sọ pé òun àti ọkọ òun fẹ́ kó lọ sí Ìgàndó, Bàbá sì ti fárígá pé ọmọ òun kò ní kúrò nílé kí aya rẹ̀ tó bímọ. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Cecilia se ọbẹ̀ ẹja. Kí oòrùn tó wọ̀, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ti dá gbogbo ilé dùbúlẹ̀. Ti Bàbá ló burú jù. Ìyá, ìyàwó rẹ̀, tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Ọláṣùpọ̀, ọkọ Cecilia. Wọ́n gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sílé ìwòsàn. Àwọn ọmọdé ilé kàn ní inú rírun ni. Cecilia nìkan ló dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Abdulganiyy, àbúrò Ọláṣùpọ̀, tí kò jẹun nílé lọ́jọ́ náà, ló gbá a létí, ló sì wọ́ ọ wá sí tésàn, èrò lẹ́yìn wọn bí eṣú, tí wọ́n ń pariwo "Apààyàn! Apààyàn!" Ó mú ọ̀rá òògùn eku kan dání, tó ní ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù omi nílé ìdáná lòun ti rí i.

Ọ̀gá tésàn wa ti pinnu. "Ẹ gbé e lọ sí kóòtù lọ́la," ó ní. "Ó ní ohun tó ń bí i nínú, òun ló sè é, kò ṣe é ní nǹkan kan. Kí lẹ tún ń wá?"

Mọ́dáàmù ní kí n pe Abdulganiyy wọlé.

"Ilé ìdáná yín kún fún ìkòkò, àpò ìrẹsì, garawa," ó bi í. "Báwo lo ṣe mọ̀ pé ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù lo máa kọ́kọ́ wò?"

"Ẹ... mo kàn..."

"Ta ló ra òògùn eku yìí?"

"Èmi ni," ó wí níkẹyìn. "Eku ń dà wá láàmú, mà. Èmi ni mo fi síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè ti rí i, kó sì lò ó!"

Mo ti fẹ́ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de Abdulganiyy fúnra rẹ̀. Mọ́dáàmù yí ojú ọ̀rá òògùn náà sókè, ó yí i sódì, ó wá gbé e síwájú wa. Wọn ò tíì gé etí rẹ̀. Bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá ló ṣì ṣe wà, digbí. Ó ti wà lórí tábìlì wa láti àná, gbogbo wa la sì ti wò ó kọjá.

"Òògùn tí wọn ò tíì já, ọ̀nà wo ló gbà dénú ọbẹ̀?" ó ní.

Ojú Abdulganiyy ṣì le. "Kò sóhun tó ní kó má rí òmíràn rà," ó ní, ó bá jáde.

Nígbà tí àwa mẹ́ta péré kù, Mọ́dáàmù fa àga sún mọ́ Cecilia.

"Gbogbo èèyàn ló ti bi ọ́ pé kí lo fi sóúnjẹ. Èmi fẹ́ béèrè nǹkan míì. Ìwọ ńkọ́? Kí ló ń ṣe ọ́?"

Mo rí i bí omi ṣe lé ròrò sójú obìnrin náà. Kò sẹ́ni tó ti bi í.

"Ẹnu mi ń ṣe bíi pé èèrà ń rìn lórí rẹ̀, mà. Láti àná. Ìka ọwọ́ mi náà. Mo rò pé gbígbá tí wọ́n gbá mi ló fà á, ni mo ṣe dákẹ́."

"Ẹran ibo lo jẹ lára ẹja?"

"Ìrù. Èmi àtàwọn ọmọ la jọ pín in."

Mọ́dáàmù dìde. "Festus, ká lọ sílé ìwòsàn."

Ilé ìwòsàn aládàáni kékeré kan lọ́nà Ìdímù ni wọ́n gbé wọn lọ. Dókítà tó gbà wá jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí oorun ń kùn lójú, ó sì hàn pé ó ti sa gbogbo agbára rẹ̀.

"Wọ́n ní òògùn eku ni," ó sọ fún wa, "ṣùgbọ́n kò jọ ọ́. Èyí tí a sábà máa ń rí, itọ́ á máa dà lẹ́nu aláìsàn, òógùn á bò ó, ọmọlójú rẹ̀ á kéré bí orí abẹ́rẹ́. Bàbá yìí, ẹnu rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ kò yàtọ̀. Ọkàn rẹ̀ ló ń lù díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Mi ò mọ ohun tí mò ń bá jà."

Bàbá Sàlàkọ́ nà gbọọrọ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń họ ara bíi pé yèrèpè kàn án. Nọ́ọ̀sì kan gbé ife omi sún mọ́ ọn. Arúgbó náà yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ má fún mi lómi iná yẹn mọ́," ó ní. "Ẹ bù ú láti inú ìkòkò àmù. Omi tútù ni mo fẹ́."

"Tútù ni, Bàbá," nọ́ọ̀sì dá a lóhùn, ó ti sú u. "Láti àárọ̀ la ti ń sọ ọ́."

Irun ara mi dìde. Mo wo Mọ́dáàmù. Òun náà wò mí. Ẹni tí wọ́n ní ó fẹ́ pààyàn wà ní sẹ́ẹ̀lì ní Ìkòtún, ẹni tí wọ́n ní ó fẹ́ pa wà lórí bẹ́ẹ̀dì níbí, ohun kan náà ló sì ń jó àwọn méjèèjì lẹ́nu.

Ìyá wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì. Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa, ṣùgbọ́n làákàyè rẹ̀ pé. Mọ́dáàmù kúnlẹ̀ kí i, ó jókòó tì í.

"Ìyá, ẹ dákun, ta ló bu oúnjẹ lọ́jọ́ Sọ́ńdè?"

"Èmi ni. Ọwọ́ mi ni ọbẹ̀ ti ń kúrò nílé wa láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ. Ìyàwó se é, ó gbé ìkòkò wá, ó bọ́ sẹ́yìn."

"Báwo lẹ ṣe pín ẹja náà?"

"Báwo la ṣe ń pín ẹja?" Ìyá wò ó bíi pé ìbéèrè ọmọdé ni. "Orí àti ẹ̀dọ̀, ti Bàbá ni. Mo mú ibi ọrùn àti ikùn. Mo bu àárín fún Ọláṣùpọ̀. Ìyókù di ti ìyàwó àtàwọn ọmọ."

Nígbà tí a jáde sí gbangba, Mọ́dáàmù dúró lábẹ́ igi fúrúùtù kan.

"Festus, wo bí àìsàn yìí ṣe tò. Bàbá ló ṣe jù, ó kan Ìyá, ó kan ọmọ, ìyàwó àtàwọn ọmọdé ò rí ju díẹ̀ lọ. Irú májèlé wo ló mọ àgbà yàtọ̀ sí èwe?"

"Cecilia ló tò ó bí ìkórìíra rẹ̀ ṣe tó, mà. Àwo kọ̀ọ̀kan ló ti fi í sí."

"Ta ló bu oúnjẹ?"

Mo ronú. Ojú mi là. "Á, Ìyá ni! Ìyá ló ṣe é!"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá tó fi ara rẹ̀ ṣe ìkejì? Rárá, Festus. Má wo àwọn èèyàn. Wo ẹja. Ẹni tó jẹ orí àti ẹ̀dọ̀ ló fẹ́ kú, ẹni tó jẹ ìrù ni ètè rẹ̀ ń rìn. Ibi tó wà lára ẹja ni májèlé yìí mọ̀. Àwa la fọwọ́ ara wa bu ti àgbà fún àgbà."

Ó wọ̀ mí lára bí ìgbà tí èèyàn bá ń wá gíláàsì kiri tó sì wà lójú rẹ̀.

Ọjà Ìkòtún la gbà lọ. Cecilia ti sọ fún wa pé ọ̀dọ̀ Agnes ẹlẹ́ja lòun ti ra ẹja náà, kútà ńlá kan, ẹja òkun gígùn tó ní eyín bí ayùn. Lọ́nà, mo ti ní àbá tuntun: àwọn ẹlẹ́ja kan máa ń fọ́n òògùn apakòkòrò sẹ́ja kó má bàa bàjẹ́.

"Ìyẹn á wà lára awọ ẹja láti orí dé ìrù," Mọ́dáàmù dáhùn. Nígbà tí a dé ìsọ̀ Agnes, ó fi ojú júwe fún mi. Eṣinṣin bo gbogbo ẹja tó wà lórí pákó. Eṣinṣin kì í bà lé apakòkòrò.

Mọ́dáàmù kò sọ ẹni tó jẹ́. Ó gbọn ìborùn rẹ̀, ó sì di oníbàárà.

"Kútà dà, ìyàwó?"

"Ó ti tán láti Sátidé, Alhaja mi," Agnes dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ńlá méjì ni wọ́n kó fún mi. Olóyún kan ra ọ̀kan tòun ti orí. Ẹ wo ẹja ọ̀wẹ̀rẹ̀ yìí, ó tutù dáadáa."

"Ọlọ́pàá ni mí," Mọ́dáàmù ní jẹ́ẹ́jẹ́.

Ẹ̀rín náà kú. "Mi ò ta kútà fún ẹnikẹ́ni o! Mi ò ta kútà láti ọdún tó kọjá!"

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ó tán láti Sátidé."

"Àṣìsọ ni, mà."

"Agnes." Ó sún mọ́ ọn bíi pé wọ́n fẹ́ jọ pín àṣírí. "Mi ò tíì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ọ. Mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni ń ṣàìsàn. Ìwọ ti ń sá fún kútà. Ta ló ti kìlọ̀ fún ọ nípa rẹ̀ ṣáájú mi?"

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́ja. Ó jókòó lórí kúlà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọ̀rọ̀ náà tú jáde. Ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Dókítà Ṣóbọ̀wálé, tó ń gbé Ẹ̀gbẹ́dá, tó máa ń lọ bá àwọn apẹja létíkun láti bu omi àti láti ha ara òkúta. Ó ti ń sọ fún wọn láti ìgbà tí ooru ti bẹ̀rẹ̀ pé kí wọ́n má ta kútà ńlá tí wọ́n bá pa nítòsí àwọn òkúta tí wọ́n kó sómi láti dá ìgbì dúró. Àwọn apẹja fi í ṣe ẹlẹ́yà. Agnes náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

"Kútà tí ìyá mi tà tó fi tọ́ mi, mà! Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbà pé ẹja tútù tó dára lójú, tí kò rùn, lè ṣe èèyàn ní nǹkan? Mo bẹ̀ yín, ta ló kú?"

"Kò tíì sẹ́ni tó kú. Ẹja kejì dà?"

"Ọlọ́bùkà kan ní Ìjẹ̀gùn ló rà á."

A gbé ọ̀kadà. Ọ̀nà Ìjẹ̀gùn gbọ̀n wá bí ẹni ń ku èlùbọ́, títí a fi dé bùkà náà nítòsí ibi tí páìpù epo ti gbiná lọ́jọ́sí. Ọlọ́bùkà kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó ní ata-rodo lòun fi se ẹja náà, orí rẹ̀ sì jẹ́ ti wẹ́dà kan tó máa ń fi iná jó irin pọ̀, oníbàárà òun àtọdúnmọ́dún, tí kò yọjú láti àná.

Ilé wẹ́dà náà kò jìnnà. Ìyàwó rẹ̀ mú wa wọlé, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé ayé ti ń bá ọkọ òun jà. Ọkùnrin alágbára kan ló sùn sórí ẹní, ó rọ jọ̀wọ̀lọ̀.

"Bùrọ̀dá," Mọ́dáàmù bi í, "bí wọ́n bá gbé kóòkì tútù fún yín báyìí, báwo ló ṣe máa rí lẹ́nu yín?"

Ọkùnrin náà gbé orí sókè, ojú rẹ̀ là kedere. "Ta ló sọ fún yín? Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé orí mi ti ń dàrú ni. Ó ń jó mi, mà. Ó ń jó mi bí iná wẹ́dà."

Kò mọ Cecilia. Kò tíì dé Ìkòtún láti ọdún tó kọjá. Mo fẹ́ pariwo fún ayọ̀. Mọ́dáàmù kọ́kọ́ ní kí ìyàwó rẹ̀ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó dúró títí wọ́n fi rí kẹ̀kẹ́ Márúwá, òun fúnra rẹ̀ ló di ọkùnrin náà lápá mú wọ inú rẹ̀, kó tó yíjú sí mi.

"Ó kù ká mọ ẹni tó fi í sínú ẹja," ó ní.

Ilé Dókítà Ṣóbọ̀wálé ní Ẹ̀gbẹ́dá jẹ́ ilé alájà kan tí ìgò omi kún dé ojú wíńdò rẹ̀. Olùkọ́ ni nílé ẹ̀kọ́ gíga kan, ọkùnrin gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, tí oòrùn etíkun ti sun àwọ̀ rẹ̀ dúdú. Bí Mọ́dáàmù ṣe sọ̀rọ̀ omi tútù tó ń jó ni lẹ́nu, ó fọwọ́ di orí mú.

"Ó ti dé nìyẹn," ó ní. "Mò ń gbàdúrà kó má dé. Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín."

Ó mú ẹ̀kán omi kan láti inú ìgò, ó kán an sórí dígí, ó fi í sábẹ́ awò rẹ̀ tó ń sọ kékeré di ńlá. Mọ́dáàmù kọ́kọ́ wò. Nígbà tó gbé ojú kúrò, mo rí i pé ẹnu rẹ̀ là díẹ̀.

"Súbùhánà-llọ̀h," ó ní. "Festus, wá wò ó."

Mo tẹ ojú mọ́ ọn. Olúwa mi. Nínú ẹ̀kán omi kan ṣoṣo, tó dà bí omi lásán lójú mi níṣẹ̀ẹ́jú kan ṣáájú, ìlú ńlá wà níbẹ̀. Àwọn kan so mọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Àwọn kan dà bí àpótí dígí tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí lára, ọnà tí Bàbá Sàlàkọ́ fúnra rẹ̀ ò lè gbẹ́. Àwọn mìíràn sì wà, rìbìtì, pẹlẹbẹ, àwọ̀ oyin, tí wọ́n ń yí bírí bí òkòtó.

"Ojú lásán kò lè rí wọn," Ṣóbọ̀wálé ní, ohùn rẹ̀ sì yí padà bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n àwọn ló ń bọ́ òkun. Ẹja tíńtín ń jẹ wọ́n, ẹja ńlá ń jẹ ẹja tíńtín, àwa ń jẹ ẹja ńlá. Nínú afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí ẹ ń mí sínú yìí, apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Bí wọn ò bá sí, àwa náà ò sí."

"Èwo ni májèlé?" Mọ́dáàmù bi í.

"Èyí tó ń yí bí òkòtó. Kò mọ̀ pé òun ń ṣe ibi. Ara òkúta àti ara koríko omi ló máa ń lẹ̀ mọ́, ó fẹ́ràn ooru. Ẹ̀fin ilé iṣẹ́, ẹ̀fin mọ́tò, ẹ̀fin jẹnẹrétọ̀ gbogbo ayé ti mú kí ayé gbóná sí i, òkun ló sì ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ooru náà mì. Àwọn ẹ̀dá omi tó fẹ́ràn òtútù ń dín kù. Àwọn tó fẹ́ràn ooru ń tàn dé ibi tí a kì í ti í bá wọn. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mi ò rí irú òkòtó yìí lára àwọn òkúta yẹn rárá. Lọ́dún yìí, bí mo bá ti ha òkúta, wọ́n wà níbẹ̀."

"Ẹja kékeré ń ha wọ́n jẹ lára òkúta," Mọ́dáàmù bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ka ẹsẹ̀ lórí iyanrìn. "Ẹja tó jù ú lọ jẹ ẹ́. Kútà wá jẹ ìyẹn. Májèlé ò kúrò lára wọn."

"Kì í kúrò. Ṣe ló ń kó jọ. Ẹ̀dọ̀ ló pọ̀ sí jù, àti orí."

"Bí wọ́n bá sè é dáadáa ńkọ́?"

"Kí wọ́n sè é di ọ̀la, kí wọ́n yan án, kí wọ́n dín in, kí wọ́n fi sínú yìnyín, kò ní kúrò. Kò ní òórùn, kò ní adùn. Àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ ló máa ń dà rú. Òtútù á kàn wọ́n, wọ́n á jíṣẹ́ pé iná ni."

Mọ́dáàmù mí kanlẹ̀. Mo wo àwọn méjèèjì, ọkùnrin tó ti ń kìlọ̀ létíkun tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, àti obìnrin tó gba ohun tí ẹlẹ́wọ̀n kan sọ gbọ́ nígbà tí gbogbo wa ń pè é ní wèrè. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà dé ibi kan náà.

Kò jókòó gbádùn ìṣẹ́gun rẹ̀. "Dókítà, àgbàlagbà kan wà ní Ìdímù tí ọkàn rẹ̀ ń rẹlẹ̀ lọ. Ẹ gbé fóònù yín, kí ẹ bá dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyìí."

Ṣóbọ̀wálé sọ̀rọ̀ lórí fóònù títí ojú rẹ̀ fi ń ṣàn fún òógùn. Dókítà ọ̀dọ́ náà gbọ́ ọ, ó sì ṣe ohun tó yẹ, nítorí pé ó ti mọ ohun tó ń bá jà wàyí. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọkàn Bàbá Sàlàkọ́ ti ń lù bó ṣe yẹ. Ara ṣì ń yún un o, omi tútù sì ń jó o fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò kú. Èérún ẹja tó kù nínú ìkòkò Cecilia ni Ṣóbọ̀wálé gbé lọ fún àwọn tó lè yẹ̀ ẹ́ wò, èsì tí wọ́n sì mú padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò yàtọ̀ sí ohun tí Mọ́dáàmù ti sọ lábẹ́ igi fúrúùtù.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ọ̀gá tésàn gbọ́ gbogbo ohun tí a rí tán, ó fọwọ́ lérán.

"Ó dáa. Ta wá ni mo fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ pé ó jẹ̀bi? Ẹlẹ́ja ńkọ́?"

"Ọ̀gá, bí ẹ bá ti Agnes mọ́lé, èèyàn kan péré lẹ dá lẹ́kun," Mọ́dáàmù dáhùn. "Mo ti bá a sọ̀rọ̀. Òun àti Dókítà ti jọ lọ sétíkun láàárọ̀ yìí. Àwọn apẹja kì í gbọ́ ti Dókítà, wọ́n á gbọ́ ti ẹni tó ń ra ẹja lọ́wọ́ wọn."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Agnes ló fẹnu ara rẹ̀ sọ fún wọn pé òun ò ní ra kútà inú òkúta mọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àwọn alájàpá yòókù sì tẹ̀ lé e.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn sẹ́ẹ̀lì fún Cecilia ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ọláṣùpọ̀ ń ṣọ́ Bàbá nílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n Ìyá Sàlàkọ́ ti dé, ó rọ̀ mọ́ ọ̀pá, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni lọ gba ìyàwó òun lẹ́yìn òun. Ó fà á mọ́ra, ó ní, "Ọmọ mi, èmi ni mo bu ẹja. Bí ẹnikẹ́ni bá máa jókòó níbí, èmi ni." Àwọn méjèèjì sunkún.

Abdulganiyy dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí Cecilia kọjú sí i, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì tésàn, níṣojú gbogbo wa.

"Mo fọwọ́ kàn yín," ó ní. "Mo fi yín ṣe ìran fún ọjà. Ẹ dárí jì mí."

Mo rò pé Cecilia máa fò ó dá. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

"Ẹ dìde, ọkọ mi," ó ní. "Mi ò lè sọ pé kò dùn mí. Èrò tí ẹ kó tẹ̀ lé mi wá síbí, ṣé wọ́n wà níta?"

Mo yọjú wò. Wọ́n ti tún kóra jọ síbẹ̀, àwọn òǹwòran, ọ̀dọ́, ìyá arúgbó, wọ́n ń retí ohun tí wọ́n á tún gbọ́.

"Ẹ bá mi gbé báàgì mi," Cecilia ní.

Báàgì obìnrin ni, pupa fòò, tó ní òdòdó lára. Abdulganiyy gbé e, ó gbé e lé orí bí alábàárù. Ó bọ́ síwájú, Ìyá àti ìyàwó tẹ̀ lé e, wọ́n sì gba àárín èrò náà kọjá. Kò sẹ́ni tó pariwo. Ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá bi í pé kí ló dé, a ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tí a dúró sí: "Kò ṣe é. Ìyàwó wa ò ṣe nǹkan kan. Kò ṣe é."